Ẹ Kú Oríire o, Ẹ̀yin Ará Jákàńdè Òkè-Àfà!

Ọmọ tí wọ́n pọ̀n wọ ẹ́sítéètì Jákàńdè Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀, l’Ékòó, nígbà tí ọ̀dà ṣì ń rùn lára ògiri, ti ń pọ̀n ọmọ tirẹ̀ báyìí. Ẹ́sítéètì náà pé ogójì ọdún, ó sì ti lé. Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin bàbá tí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ nígbà tí irun orí yín ṣì dú bí kóró iṣin. Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ìyá tí ẹ gbé ìkòkò wọ ilé ìdáná tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáná nínú rẹ̀ rí. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí ẹ wà ní Ìkòròdú, ní Àbújá, ní Peckham àti ní Houston lónìí, tí ọkàn yín ṣì máa ń fò bí ẹ bá rántí bí kọ́ńdọ́ ṣe ń pariwo “Jákàńdè Gate, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ”, ẹ kú oríire. Ẹ̀yin ayálégbé tó dé lánàá ńkọ́? Ẹ má rò pé ayẹyẹ yìí kò kàn yín. Ẹni tó bá ti bá wọn dá owó iná níbẹ̀, tó sì ti tò fún omi níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó ti di ọmọ ilé.

Ẹní bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe ilé. Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè, akọ̀ròyìn tó ti jẹ́ olóòtú àgbà fún Nigerian Tribune, di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979, lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn sójà gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1983. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta péré ló ní lọ́wọ́. Láàrin ìgbà náà, ó kọ́ ilé-ìwé títí àwọn ọmọ Èkó fi bọ́ lọ́wọ́ ìwé àárọ̀ àti ìwé ọ̀sán, ó dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ó sì kọ́ ilé tó ju 20,000 lọ káàkiri: Òkè-Àfà níbí, Abẹ́sàn, Ìjàyè, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, Ìbà, títí dé Bàdágìrì àti Ẹ̀pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò kó lọ sí ilé ìjọba. Ilé tirẹ̀ ní Ìlúpéjú ló ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ibẹ̀ náà ló ń padà sí.

Ẹlẹ́gàn kò ṣàìsí. Àwọn ilé-ìwé tó fi ìkánjú kọ́, ilé adìyẹ ni àwọn kan pè wọ́n. Ó dára bẹ́ẹ̀. Adìyẹ inú ilé náà ti di dókítà, ó ti di lọ́yà, òmíràn nínú wọn ló sì ń kọ́ ilé fún àwọn tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Jákàńdè, tí wọ́n ń pè ní Baba Kékeré, jáde láyé ní ọjọ́ 11 oṣù kejì 2021, lẹ́ni ọdún 91, kò sí ẹ́sítéètì kan nínú àwọn ẹ́sítéètì yìí tí wọn ò ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé bàbá onílé ló kú.

Jákàńdè kọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò ilé l’Ékòó o. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bá Èkó jà láti 1924 lọ, ìyẹn ló mú kí ìjọba àmúnisìn dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Nígbà tó di 1955, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó àwọn tó ń gbébẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun ni, òpópó rẹ̀ sì gbòòrò. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni Peter Marris, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ ṣèwádìí láàrin wọn tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, bá ohun mìíràn níbẹ̀: obìnrin tó ń tajà níwájú ilé rẹ̀ kò rí oníbàárà mọ́, mọ̀lẹ́bí tí wọ́n ti ń jọ jẹun lójoojúmọ́ ti di ẹni tí wọ́n ń wọkọ̀ lọ kí. Wọ́n fún ènìyàn nílé, wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, àjọ ilé kíkọ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1958 ló kọ́ Bódìjà, ṣùgbọ́n ẹni tó rí jájẹ ló ń gbé Bódìjà. FESTAC tó wà lọ́hùn-ún l’Ékòó, àlejò ayẹyẹ àṣà 1977 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ fún kó tó kan ará ìlú. Jákàńdè ní tirẹ̀ bá irinṣẹ́ méjì nílẹ̀: LSDPC, àjọ ilé kíkọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní 1972, àti Òfin Lílo Ilẹ̀ 1978 tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ọ̀pọ̀ gómìnà ni òfin yẹn ti kọjá lọ́wọ́ wọn láti ìgbà náà. Òun fi kọ́ ilé fún ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní sẹkitéríàtì.

Ìlú Àwórì ni Ìsọlọ̀, ó lọ́ba, ó sì lọ́jà kí ẹ́sítéètì tó dé. Ilé-iṣẹ́ ńlá ti wà níbẹ̀, pápá ọkọ̀ òfurufú kò sì jìnnà. Ọjà Aswani, tó gba orúkọ lára ilé-iṣẹ́ aṣọ, ni gbogbo Èkó ń rọ́ lọ lọ́jọ́ Túsìdeè títí dòní. Ṣùgbọ́n lórí ìwé àwòrán, ibùgbé nìkan ni ẹ́sítéètì Jákàńdè: ilé alájà tí ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ń gbé, ọ̀nà tó gba àárín wọn kọjá, ilé-ìwé, àti ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ láàrin ilé sí ilé. Àwọn ará ilé ló fi ìyókù kún un.

Báwo ni wọ́n ṣe fi kún un? Ìyá kan ní àjà ìsàlẹ̀ gbé tábìlì síta, ó to mílíìkì àti ṣúgà lé e. Nígbà tó yá, fèrèsé pálọ̀ di ojú ìtajà. Nígbà tó tún yá, wọ́n fọ́ ògiri, ilẹ̀kùn onírin wọlé. Aránṣọ tẹ̀lé ìyá oníṣọ́ọ̀bù, onígbàjámọ̀ tẹ̀lé aránṣọ, kẹ́míìsì tẹ̀lé onígbàjámọ̀, ẹni tó ń lọ ata kò gbẹ́yìn. Alátùn-únṣe fóònù ló dé kẹ́yìn, òun ló sì ń pariwo jù. Àwọn aṣètò ìlú fajú ro. Wọ́n ní àyípadà tí a kò gbàṣẹ ni. Wọn ò purọ́ pátápátá: ẹni tó bá fọ́ ògiri tó ru ilé láìbi ẹnjiníà, ẹ̀mí àwọn tó ń sùn lókè ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Níbi yẹn, ẹ̀yìn ìjọba ni mo wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di pé kí ọjà má sí nísàlẹ̀ ilé, ará Jákàńdè ló jàre, láti ọjọ́ kìíní.

Nígbà wo ni Yorùbá kọ́ ìlú tí ilé wà níbí, tí ọjà wà lọ́hùn-ún tí ènìyàn ní láti wọ danfo méjì kó tó débẹ̀? Iwájú ààfin ni ọjà ọba máa ń wà. Agbo-ilé yí àgbàlá po, aláró ń rẹ aṣọ lẹ́yìnkùlé, alágbẹ̀dẹ ń rọ lójúde, àgbà ń ta ayò lábẹ́ igi odán, ọmọdé ń sáré káàkiri, ojú gbogbo ayé sì ń ṣọ́ ọmọ gbogbo ayé. Ní 1961 kan náà tí ìwé Marris jáde, obìnrin kan ní Nìú Yọ́ọ̀kì, Jane Jacobs, kọ ìwé tó bí àwọn aṣètò ìlú nínú gidigidi. Ó ní òpópó tí ṣọ́ọ̀bù àti ilé jọ wà, tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í wọ́n níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ni ìfọ̀kànbalẹ̀ wà, nítorí ojú tó ń wò ó pọ̀. Ó dára tó kọ ọ́. Ìyá oníbúrẹ́dì tó mọ gbogbo ọmọ bílọ́ọ̀kù rẹ̀ lórúkọ, tó mọ èyí tó yẹ kó wà nílé-ìwé láago mẹ́wàá àárọ̀, kò dúró de ìwé náà kó tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ ò ní ṣe àṣejù bí ẹ bá fi ara yín wé ti òkèèrè lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ní Vienna, ilé àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Karl-Marx-Hof, wọ́n parí rẹ̀ ní 1930. Ó gùn ju kìlómítà kan lọ, ilé ìdílé 1,382 ló wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ilé kò gbà tó ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ náà. Ọgbà àti pápá ló gba ìyókù. Wọ́n fi ilé ìfọṣọ, ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ilé ìkàwé àti ilé ìwòsàn sínú rẹ̀. Ní Singapore, tí nǹkan bí ènìyàn mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ń gbé ilé tí àjọ HDB kọ́, àjọ náà fi ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé alájà sílẹ̀ gbayawu, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbébẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣègbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe òkú, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ń jókòó sí lọ́sàn-án. Ó ń yà mí lẹ́nu pé àwọn ayàwòrán ilé wa ò tíì jí ọgbọ́n yìí gbé. Àwa tí a ń di títì pa tìlù-tìlù nítorí òde ìsìnkú, ta ni ì bá fẹ́ràn rẹ̀ jù wá lọ?

Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tó yẹ ká ṣe àjọ̀dún rẹ̀ jù ní Òkè-Àfà, n kò ní sọ pé ilé. Àlàfo tó wà láàrin ilé ni. Ẹni tó yàwòrán rẹ̀ ì bá ti fún bílọ́ọ̀kù mọ́ bílọ́ọ̀kù. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí pé kò ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọ yín ti kọ́ bọ́ọ̀lù gbígbá, ibẹ̀ lẹ ti so àgbò Iléyá, ibẹ̀ ni wọ́n ti na kánópì fún ìkómọ tó jẹ́ pé gbogbo bílọ́ọ̀kù mẹ́rin ló jẹ ìrẹsì níbẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí a kò pè. Igi máńgòrò tí ẹnìkan gbìn láìtọrọ àṣẹ, igi àgbọn, igi fúrúùtù tí ọmọ ìwé ń sọ òkò sí: ìjọba ò fi wọ́n sínú ìnáwó ọdún kankan, wọ́n sì ń tutù sára wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ilẹ̀ àbàtà ló pọ̀ ní Òkè-Àfà. Omi ti ní ọ̀nà tirẹ̀ níbẹ̀ kí ènìyàn tó dé. Ilẹ̀ tí a kò dà kọnkéré bò a máa fa òjò mu, gbòǹgbò igi a máa dì í mú, òjìji igi a sì máa lé ooru kúrò lára ògiri. Bí a bá wá fi símẹ́ǹtì bo gbogbo rẹ̀ nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí, òjò oṣù kẹfà yóò wọ pálọ̀ wá bi wá ibi tí a ní kí òun gbà. Ní 2021, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Cecil Konijnendijk fi òṣùwọ̀n kan lélẹ̀ tó rọrùn láti rántí: kí olúkúlùkù rí igi mẹ́ta láti ojú fèrèsé rẹ̀, kí òjìji igi bo ìdá 30 nínú 100 àdúgbò, kí ọgbà ìtura má sì jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni ju mítà 300 lọ.  Ẹ dúró lójú fèrèsé yín, kí ẹ ka igi. Ẹni tó bá ka mẹ́ta ní Jákàńdè ń gbádùn ohun tí olówó ní Òkótà ń wá kiri.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá ọjà o, mo ti wí i. A ti rí ibi tí wọ́n ti mú ọgbà àti ọjà bá ara wọn jà. Ní oṣù kìíní 2009, gómìnà Babátúndé Fáṣọlá kó àwọn tó ń tajà lójú títì Oṣòdì kúrò, koríko àti òdòdó sì rọ́pò wọn. Ọkọ̀ rìn, ojú ríran, ọ̀pọ̀ wa pàtẹ́wọ́. Ẹni tí katakata wó ìsọ̀ rẹ̀ kò pàtẹ́wọ́. Ohun tí Marris rí ní Sùúrùlérè ló tún dé. Ní Òkè-Àfà, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni ìsọ̀ ata àti igi máńgòrò dúró sí, kò sẹ́ni tó ní kí ọ̀kan kú kí èkejì lè yè, ìdí nìyí tí mo fi ń jó lónìí.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nínú ayọ̀ yìí, a kò ní gbàgbé ìrọ̀lẹ́ Sunday, ọjọ́ 27 oṣù kìíní 2002, nígbà tí ilé ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà. Àwọn ènìyàn sá láti àdúgbò dé àdúgbò nínú òkùnkùn, wọ́n dé kánáàlì Òkè-Àfà, ewé ojú omi sì ti bò ó, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni, wọ́n sì rì sínú rẹ̀. Ju ẹgbẹ̀rún ẹ̀mí lọ ló lọ sí àjálù náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Ibi ìrántí wọn wà ní Òkè-Àfà, tí wọ́n ti ń fi òdòdó rántí wọn lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ṣílẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ náà, tí ẹ fi aṣọ bo ọmọ tí ẹ kò mọ ìyá rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́run. Èmi gbà pé ó yẹ kí etí kánáàlì náà di ibi tí ènìyàn lè rìn gbẹ̀fẹ́: iná tó ń tàn títí ilẹ̀ mọ́, irin ìdáàbòbò, afárá tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà kọjá, igi lọ́tùn-ún lósì, ìjókòó fún àgbà. Omi tí gbogbo ènìyàn ń rí kì í pa ènìyàn bí omi tí ewé bò.

Àfikún ayọ̀ kan tún wà. Jákàńdè fẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin máa gbé àwọn tó kọ́lé fún. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ètò Metroline kí ìjọba sójà tó fagi lé e. Ó gbà wá ní ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń dúró ní Oṣòdì láti 2024. Ẹni tó ń jí láago mẹ́rin àárọ̀ ní Jákàńdè Gate mọ ohun tí mo ń wí. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ ṣì ní láti wọ danfo dé Oṣòdì. Àmọ́ ọ̀nà ti là.

Ilé ń dàgbà, ilẹ̀ àbàtà ò sì dáríji ẹnikẹ́ni. Àwọn bílọ́ọ̀kù kan ti ń fi àárẹ̀ hàn, ọjọ́ ń bọ̀ tí ìjọba yóò ní kí a tún wọn kọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ rántí ọ̀rọ̀ ayẹyẹ yìí. Wọn yóò mú àwòrán aláràbarà wá, dígí yóò máa dán lára rẹ̀, igi inú àwòrán yóò sì tutù ju igi gidi lọ. Ẹ bi wọ́n: ẹni tó ń gbébẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́, ṣé òun ni yóò kọ́kọ́ padà wọlé, ayálégbé ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, tí ẹnjiníà ti pèsè òpó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tí kò ní sí pé à ń fọ́ ògiri, èló ni wọn yóò fi fún ìyá aláta? Ilẹ̀ àárín ilé, nínú ìwé wo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé a kò gbọdọ̀ tà á? Bí wọ́n bá fẹ́ kí ilé ga sí i kí ènìyàn púpọ̀ lè gbé, kò burú, bí gíga náà kò bá ti jẹ pápá run. Níbi tí wọ́n bá ti ń kólòlò, ẹ má tíì fọwọ́ síwèé.

Ọjọ́ 14 oṣù keje ọdọọdún ni Ìpínlẹ̀ Èkó fi ń gbin igi. Ó bọ́ sí àkókò ayẹyẹ dáadáa, nítorí ọjọ́ 23 oṣù keje náà, ní 1929, ni wọ́n bí Baba Kékeré. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló wà láàrin méjèèjì, ó tó láti fi gbin igi kan fún bílọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ìyókù jẹ̀gbádùn. Kí ọmọ tó kéré jù ní bílọ́ọ̀kù bomi rin ín, kí ẹni tó dàgbà jù sọ ọ́ lórúkọ.

Ó yá, ẹ kó àga jáde. Alága àdúgbò, ẹ sọ̀rọ̀ níwọ̀nba. Lèmọ́mù, pásítọ̀, ẹ jọ gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan, kí ọbẹ̀ má tutù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbé sípíkà kúrò lẹ́bàá fèrèsé Màmá àjà kejì, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ orin Àpàlà, kì í ṣe ariwo. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti òkèèrè, ẹ má ní a ò sọ fún yín: ìrẹsì wà, àmàlà wà, ewédú ń bẹ pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ṣùgbọ́n ẹran, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń jẹ ẹ́. Ẹ kú oríire o, Jákàńdè Òkè-Àfà! Ẹ ó ṣe ọgọ́rùn-ún!